Ẹniafẹ́ àti Bọ́ọ̀lù Tó Ju Ihò Lọ

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ni. Mo bu omi lé orí, mo nu ojú, àfi pápá. Koríko ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní tuntun, ó lọ títí ó fi kan ọ̀run. Ọṣẹ ṣì wà létí mi, táwẹ́ẹ̀lì ni mo ró. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí n wá jókòó níwájú, àgbà ni mí.

Ọmọ tí gbogbo ayé wá wò ni Ẹniafẹ́, ọmọ Kọ́lápọ̀ tó ń tún bàtà ṣe ládùúgbò wa. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, gọ́ọ̀fù ló ń gbá, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò tó jìnnà réré. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó máa gbá. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ ihò, ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nìyẹn. Bí ò bá wọ̀ ọ́, kó máa lọ sílé. Àwọn tó ń bá a díje ga bí igi àgbọn, ìkùukùu ń kọjá léjìká wọn. Òun dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, nínú bàtà tí bàbá ẹ̀ lẹ̀ fún un.

Ọ́fíìsì àwọn tó ni ìdíje ń léfòó lókè orí wa. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ọ̀pẹ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ọ̀gá wọn yọ orí lójú fèrèsé, ó wọ kóòtù.

"Ọmọdébìnrin, gbá a ká lọ sílé."

Ẹniafẹ́ gbé ọ̀pá sókè. Bọ́ọ̀lù wúkọ́.

"O fẹ́ na àgbàlagbà?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, n ò mọ̀ pé ẹ ti jí."

"Ta ló kọ́ ẹ kó o máa gbé igi sí bàbá ẹ?"

"Iṣẹ́ wa ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi ihò ọ̀hún."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Èmi ni mo bá dá sí i. Mo ní, "Ẹniafẹ́, kì í. Àgbà tí ò bá fẹ́ rìn, oríkì ní í gbé e."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. "Àkànní, funfun bí ẹyin adìẹ. Arẹwà tó fi kòtò ara ṣe ẹ̀ṣọ́. Wọ́n nà án, kò sunkún, wọ́n nà án, ó di ẹni ńlá." Ohùn ọmọ yẹn, ara mi bù máṣọ. Orí bọ́ọ̀lù ń wú, ó ń wú. Ẹniafẹ́ ò tiẹ̀ gbá a, ó kàn fi ọ̀pá kàn án bí ẹni ń jí ọmọ. Ó fò. Ó gba fèrèsé kan wọ ọ́fíìsì, ó gba èkejì jáde. Ọ̀gá ní, "Òfin wa sọ pé... mèè," ó ti di ewúrẹ́, ó já bọ́ sórí pápá, ó ń jẹ koríko. A ṣì ń pè é ní sà.

Bọ́ọ̀lù balẹ̀ sétí ihò. Àmọ́ ó ti tóbi tó elégédé, ihò ò ju ife tíì lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin gíga yẹn bẹ̀rẹ̀ wò ó látòkè. "Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ ó yin nǹkan títí á fi bà jẹ́."

Bọ́ọ̀lù náà ní, "Ilé yìí ti kéré jù. Ṣebí ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n pè mí."

Èmi ni mo ní kó kì í.

Ọmọ náà ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ síwájú ihò. "Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ kú ìdúró dè wá."

Ihò tó bá jẹ́ ọmọlúàbí, ṣé á gbọ́ irú ìkíni yẹn kó dákẹ́? Ó la ẹnu. "Oooo, káàbọ̀, ọmọ mi." Ẹnu yẹn fẹ̀ bí ẹnu kànga. Bọ́ọ̀lù yí gbiiri, ó wọlé, tòun ti gbogbo ìwúga ẹ̀.

Àwọn obìnrin gíga yẹn ń tẹ̀ ba, wọ́n ń tẹ̀ ba, títí ojú wọn fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ọmọ Kọ́lápọ̀. N ò rí irú ẹ̀ rí. Ewúrẹ́ gbé koríko mì, ó ní òun gbà, ọmọ náà ti wọ ẹgbẹ́.

Ẹniafẹ́ wá yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ ṣeun, sà."

Mo la ẹnu gbàgà. "Oooo."

Nǹkan kan sì bọ́ sí i. Mo lajú. Ìyàwó mi ló dúró lé mi lórí, ife omi lọ́wọ́ ẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló jù sí mi lẹ́nu, funfun rọ́bọ́tọ́, tá a máa ń jà lé lórí láràárọ̀.

"Mo kàn ní ẹ kú jíire ni," ló wí. "Ó ti wọlé. Ẹ mumi."