Owú Ọlákìtán Lórí Ìbéèrè Keje

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, owú ọ̀rẹ́ burú ju owú orogún lọ. Orogún mọ̀ pé wọ́n ń jowú òun, á máa ṣọ́ra. Ọ̀rẹ́ ní tirẹ̀ á gbé oúnjẹ wá bá ọ jẹ, á nà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, á tú gbogbo inú ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, kò ní fura sí nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ Ọlákìtán àti Débọ́lá ṣe rí gan-an nìyẹn.

Fẹ́sítáàkì ni àwọn obìnrin méjèèjì ti jọ dàgbà. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé bàbá wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni bàbá méjèèjì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n jọ lọ sí yunifásítì, wọ́n jọ kọ́ sìtáátì, ìyẹn ẹ̀kọ́ kíkó nọ́ńbà jọ ká lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn méjèèjì sì di olùkọ́, kálukú nílé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé nǹkan tí Ọlákìtán bá làágùn kó tó rí, Débọ́lá á rí i bí ẹni ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Débọ́lá ló ṣe ipò kìíní, Ọlákìtán ṣe ìkejì. Débọ́lá tún wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú! Ta ló ní kó bẹ òun?

Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sìtáátì ní kí àwọn tó bá fẹ́ kọ ẹ̀kọ́ tí àwọn yóò gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹni tí wọ́n bá mú iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò di ọ̀gá gbogbo ètò náà. Ọlákìtán sáré fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ó péye, ṣùgbọ́n ó gbẹ. Ó gbẹ kẹ̀! Bí ẹni pé ẹja pánlá ló kọ! Ohun tí wọ́n fi tù ú nínú ni pé wọ́n fi òun náà kún àwọn tí yóò máa yẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn wò. Níbẹ̀, wọn kì í sọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó kọ ọ́ náà kì í sì í mọ ẹni tó yẹ iṣẹ́ òun wò. Bí èèyàn bá dá oníṣẹ́ mọ̀, dandan ni kó sọ, kí wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn.

Sáíbà káfè kan ní Fẹ́sítáàkì ni Ọlákìtán ti ṣí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ó bá òpópónà kan pàdé nínú ẹ̀kọ́ náà, níbi tí omi ẹ̀rọ ò ti yọ mọ́, tí ilé méje ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Wọ́n ń yan búrẹ́dì nínú ọ̀kan lára wọn. Àyà Ọlákìtán já. Ilé Màmá Margaret! Ilé tó wà láàárín tiwọn àti ti Débọ́lá! Débọ́lá ló kọ ọ́, kò sí àní-àní.

Ẹ̀kọ́ náà wá dùn, èyí tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Ilé oníbúrẹ́dì ń ra kẹ́ẹ̀gì ogójì lójúmọ́, àwọn tó kù ń ra mẹ́ta, mẹ́rin, kò ju mẹ́jọ lọ. Bí o bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ tí o pín in dọ́gba, ìṣirò á ní ilé kọ̀ọ̀kan ń ra bíi mẹ́wàá. Ẹ̀kọ́ náà wá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Ta ló ń ra mẹ́wàá nínú wọn?" Ọlákìtán ti rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ohun tí òun ti ń fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, tí wọ́n ń wo òun bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò níná! Owú gbá a láyà.

Ó yẹ kó dá a padà kó ní òun mọ oníṣẹ́. Kò dá nǹkan kan padà. Àṣìṣe ló ń wá.

Òfin ní kí ayẹniṣẹ́wò dáhùn gbogbo ìbéèrè bí akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè keje ní kí ó mú nọ́ńbà tó wà ní àárín gan-an. Bí wọ́n ṣe kọ wọ́n rèé: márùn-ún, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́fà, ogójì, márùn-ún. Ọlákìtán kà á láti iwájú, ó kà á láti ẹ̀yìn, mẹ́jọ ló bọ́ sí àárín. Débọ́lá sì kọ márùn-ún síbẹ̀!

"Olúwa, o ṣeun," ni Ọlákìtán wí. Àní ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ìdáhùn ìbéèrè keje kò tọ̀nà, mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tó kọ èyí kò mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹ má gbà á." Ó fi ránṣẹ́, ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà ní Apple Junction, ó ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn náà, Débọ́lá ya ilé Ọlákìtán láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín ló bá wọlé.

"Kìtán, gbà mí o! Mo kọ nǹkan fún àwọn oní-íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Mi ò sọ fún ẹ nítorí tìẹ tí wọ́n dá padà, mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́. Wo ohun tí ẹnì kan kọ sí mi."

Ọlákìtán gba ìwé náà, ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Kí ló wá pa ẹ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

"Ó ní mẹ́jọ! Onítọ̀hún ò tò ó! Bó ṣe bá a nílẹ̀ ló ṣe mú un!"

Yéè! Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to nọ́ńbà láti kékeré dé ńlá kó tó mú èyí tó wà ní àárín. Ọlákìtán gan-an máa ń pariwo ẹ̀ ní kíláàsì pé, "Ẹ tò ó kí ẹ tó mú un!" Owú ló dí i lójú. Òógùn bò ó nídìí fáànù.

"Bóyá ó ń kánjú ni," ló sọ.

"Ohun témi náà rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dókítà Ernest, ọ̀gá àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, bínú gidi gan-an. Wọ́n ní àwọn máa yọ ẹni náà, àwọn á sì kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Tó bá ń retí ìgbéga ńkọ́? Mo wá kọ lẹ́tà láti bá a bẹ̀bẹ̀. Gbọ́ bí mo ṣe kọ ọ́."

Ọlákìtán ń retí ìgbéga lóòótọ́. Débọ́lá gbé ìwé sókè, ó ń kà á: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti lè rẹ ẹni náà kó tó dé orí iṣẹ́ tèmi. Ó yẹ kémi náà ti rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé kó tò ó. Ẹ má jẹ́ kí àṣìṣe kan ṣoṣo ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́."

Ìtìjú ti fẹ́ pa owú tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí lẹ́tà náà ṣe ń lọ, owú tún gbérí. Ṣé ọpọlọ nìkan ò tó obìnrin yìí ni? Inú rere náà tún gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀? Kí òun wá máa jẹ ìgbéga lábẹ́ àánú Débọ́lá títí ayé? Ká má rí i! Ó sàn kí wọ́n lé òun.

"Má fi ránṣẹ́."

"Kí ló dé?"

"Mo ní o ò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́! Jẹ́ kí wọ́n yọ ẹni náà. Kò rẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe é. Èmi ni, Débọ́lá. Mo rí ilé Màmá Margaret níbẹ̀, mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́, mo dákẹ́, mo ń wá ibi tí n óò ti gún ẹ. Má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ àánú ẹ!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Débọ́lá. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dà. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ inú báàgì pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, ó dìde. Ìgbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà.

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo ti fi ránṣẹ́," ló wí. "Dókítà Ernest sì ti dáhùn. Wọ́n ní nítorí tèmi, àwọn ti dárí jì í."