Ohun tí Tiwaladé Kò Sọ

Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé ló fi ẹnu ara rẹ̀ pe àlejò náà wá. Níbi ìpàdé àwọn òbí, ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà ní Odògbolú, òun ló dìde, tó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, tó ní kí olúkúlùkù gba àwọn olùwádìí tó ń bọ̀ láti yunifásítì Ìjàgun sílé. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó máa ń mú kí òbí hùwà ìkà sí ọmọ, kí wọ́n lè tètè dá ilé tí ewu wà mọ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́ kò ní sá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ tòun ṣáájú. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà náà, kò tíì sí ohun tó ṣe etí Tiwaladé, ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni nǹkan yí padà. Adébùsọ́lá, ìyàwó Bọ̀wálé, ti lọ bá àbúrò rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní Abẹ́òkúta, ó wá ku Bọ̀wálé àti Tiwaladé, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án, nínú ilé. Iná ti lọ láti àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbójú fò ó níbi iṣẹ́, tí wọ́n fi ẹni tó kọ́ níṣẹ́ jẹ ọ̀gá àgbà lé e lórí. Ó ní kí ọmọ bu omi wá fún òun. Ọmọ ń wo eré lórí fóònù, kò dáhùn. Ó tún pè é. Nígbà tó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Àbí etí ẹ di ni?" Ọwọ́ rẹ̀ sì ti dé etí náà kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ò ké. Ó kàn di etí òsì mú, ó lọ bu omi.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń bá Tiwaladé sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń yí sí i. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé nǹkan ń kùn nínú etí òsì bíi jẹnẹrétọ̀ tó wà lókèèrè. Bọ̀wálé kán òróró ólífì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó gbàdúrà lé e. Ó mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló yẹ. Ṣùgbọ́n dókítà á béèrè, nọ́ọ̀sì á wò ó lójú, bẹ́ẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ń gbé kò pọ̀. Ká má parọ́, ojú tirẹ̀ ló ń tọ́jú, kì í ṣe etí ọmọ.

Àlejò dé ní Ọjọ́bọ̀. Hanifah lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin oníhíjáàbù kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Bàbá ló kọ́kọ́ bi léèrè, ní pálọ̀.

"Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, sà, ta ló máa ń nà yín jù?"

"Bàbá mi. Ohun tó sì sọ mí dènìyàn nìyẹn."

"Bí inú bá ń bí yín báyìí, ta lẹ lè bá sọ ọ́?"

Ó rò ó. Ìyàwó ò sí nílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ọlọ́run," ló ní.

Hanifah ò rẹ́rìn-ín. "Láàárín oṣù kan sí àsìkò yìí, ǹjẹ́ ẹ ti gbá ọmọ yín lórí tàbí létí?"

"Rárá o. Bí a bá fi ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra." Òwe náà dùn lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe máa ń dùn níwájú àwọn ọmọléèwé láàárọ̀.

Ìlànà wọn ni pé kí wọ́n bi ọmọ náà lọ́tọ̀, níbi tí òbí ò ti ní gbọ́. Bọ̀wálé ní kò burú. Ó gbé àga méjì sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, ó tún tì wọ́n sún mọ́ ògiri, ó ní nítorí oòrùn ni. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó bọ́ bàtà, ó yọ́ lọ dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, odindi igbákejì ọ̀gá àgbà tó máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.

"Tó o bá ṣẹ Dádì ẹ ńkọ́, kí ni wọ́n máa ń ṣe?" Hanifah ló ń béèrè.

"Wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀, mà."

"Ṣé wọ́n ti gbá ẹ rí?"

"Rárá, mà. Dádì mi kì í na èèyàn."

Hanifah ní, "Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan lo máa ń yí sí mi. Kí ló ṣe etí kejì yẹn?"

Bọ̀wálé tún sún mọ́ fèrèsé.

"Mo ṣubú nílé ìwẹ̀ ni, mà. Ọṣẹ wà nílẹ̀, mi ò rí i, mo bá fi etí gbá ògiri. Dádì mi ló sáré wá gbé mi. Wọ́n tiẹ̀ sunkún."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun nìkan ló jókòó níbì kan tó rò ó, tó fi ọṣẹ sí i, tó tún fi ẹkún bàbá rẹ̀ sí i. Ohun tí bàbá náà sì kọ́kọ́ mọ̀ lára ni ìtura. Ó mí kanlẹ̀. Ó tilẹ̀ wú u lórí pé ọmọ òun gbọ́n. Ó wọ bàtà, ó mú ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì, ó fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò.

Bó ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, Tiwaladé fò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bo etí rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Dádì, mi ò sọ fún wọn o," ló ní. "Mi ò sọ nǹkan kan."

Ìgò ò bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀wálé. Ì bá sàn kó bọ́, wọn ì bá rí nǹkan gbá. Hanifah ò wò ó lójú, ilẹ̀ ló ń wò, bíi pé òun ló ṣe nǹkan ìtìjú náà. Ojú ti Bọ̀wálé dé ibi tí ojú lè ti èèyàn dé. Kì í ṣe nítorí pé àṣírí tú sí àlejò lọ́wọ́. Ó ti rò pé òun nìkan ló ń gbé ìtìjú yìí kiri, kò mọ̀ pé ọmọ ti ń bá òun rù ú, pẹ̀lú etí tó ń dùn ún.

"Ẹ pa ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan rẹ́," ló sọ fún Hanifah. "Èmi ni mo gbá a. Kò ṣubú níbì kankan."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti wo etí yẹn lónìí. Mo máa bá yín lọ. Mo sì máa sọ fún àwọn ọ̀gá mi, torí pé iṣẹ́ wa nìyẹn."

"Ẹ sọ fún wọn."

Ó ní kí Tiwaladé lọ wọ bàtà. Ọmọ ò lọ. Ó sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àlejò má baà gbọ́.

"Dádì, kí la máa sọ fún dókítà?"

"Òótọ́ ni."

Ọmọ náà wò ó títí. Kò gbà á gbọ́.