Ẹ́ńjìnnì Tó Kú Láàárín Ọ̀sà

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Akínlabí fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo gbé èrò nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ láti Lángbàsá, lẹ́yìn Ajah, sọdá ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tí wọ́n fẹ títì márosẹ̀ lójú, èrò rẹ̀ dínkù. Nígbà tó yá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gba títì náà, àwọn èèyàn sì padà wá sétí omi. Ẹ́ńjìnnì náà ti gbó, ṣùgbọ́n Akínlabí mọ ohùn rẹ̀. Tó bá ti yí ohùn padà báyìí, á ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé èrò mẹ́sàn-án. Afusat ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn, ó ń gbé ẹja yíyan lọ fún oníbàárà. Wọ́n dé àárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Akínlabí fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ síhà ọkọ̀ ńlá kan tó ń wa yanrìn. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Fèyíkẹ́, tó lóyún oṣù méje, fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Afusat mú àjẹ̀ kan, ó na èkejì sí ọkùnrin tó jókòó tì í. Wọ́n wa ọkọ̀ náà títí àwọn tó ń wa yanrìn fi rí wọn, tí wọ́n ju okùn sí wọn. Ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Lọ́jọ́ kejì, Tájù mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ ti jẹ irin inú ẹ̀. Ẹ wò ó, èékánná lásán ló ń bó o."

"Ṣùgbọ́n o lè tún un ṣe."

"Mo lè fi iná jó ibi tó là pọ̀. Á ṣiṣẹ́. Ó lè lo ọdún kan, ó sì lè má lo ọ̀sẹ̀ kan."

"Ká ní ìwọ lo ni ín ńkọ́?"

Tájù fi àkísà nu ọwọ́. "Títún ẹ́ńjìnnì ṣe ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ mi ò ní wọ ọkọ̀ tí ẹ bá gbé eléyìí sí."

Akínlabí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó délé, ó sọ fún Afusat pé ẹ́ńjìnnì yẹn ló rán àwọn ọmọ àwọn níwèé.

"Mo mọ̀," ni Afusat wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ò rí tíṣà yẹn, Bàbá Ọlákẹ́mi. Ẹ̀yìn lẹ kọ sí i. Kò pariwo rárá. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá ti mọ ohun tí màá sọ fún un."

Lọ́jọ́ Àìkú, Akínlabí lọ bẹ Fèyíkẹ́ nílé rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó. Obìnrin náà gbé àga fún un, ó ní òun kò bínú. Títì lòun ń gbà báyìí, ẹsẹ̀ òun sì ti wú nítorí ìjókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

"Ṣé wọ́n ti tún un ṣe, bàbá?"

Akínlabí fẹ́ sọ pé wọ́n máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ó wo ikùn obìnrin náà.

"Mi ò ní tún un ṣe mọ́," ló wí. "Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀."

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun ti sọ ọ́.

Ó ta ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ kékeré pẹ̀lú àwọ̀n inú rẹ̀, ó fi ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan tí Tájù yẹ̀ wò fínnífínní. Tájù kó ti àtijọ́ lọ, ó ní àwọn apá kan ṣì wúlò. Akínlabí bá a gbé e dórí ọmọlanke. Ó dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó tó lọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Fèyíkẹ́ kò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Lẹ́yìn tó bímọ, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé kan ní Lakowe, kò sì nílò láti sọdá omi. Àwọn yòókù padà wá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Akínlabí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó tó oṣù méjì gbáko kó tó lè máa bá èrò sọ̀rọ̀ lójú omi láìyíjú wo ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn.