Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Bàbá Bá Fọhùn

Ẹ́ńjìnì náà tún kú. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín funfun sójú Moríkẹ́, ó sì dákẹ́. Moríkẹ́ ju sípánà sílẹ̀, ó jókòó sínú omi dúdú tó wà nísàlẹ̀ inú ọkọ̀, kò tilẹ̀ bìkítà fún ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

"Ó tún ti sùn?" Ọlọ́rundáre bi í láti òkè. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ tí gbogbo Ayétòrò mọ̀. Ihò ọkọ̀ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ dí, omi kì í mọ ibẹ̀ mọ́.

"Kò sùn, bàbá. Ó kàn ń fi mí ṣeré ni."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láti ìgbà tí bàbá Moríkẹ́ ti kú ni ọkọ̀ onípákó ńlá náà ti wà lórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí òkun sì ń jẹ ilé tó wà níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé Happiness, aládùúgbò wọn tó ń yan ẹja, lọ lóṣù tó kọjá. Àwọn òpó rẹ̀ ṣì yọrí nínú omi. Moríkẹ́ àti àwọn ọmọ Ìyá yòókù ti bẹ Ìyá títí pé kó bá Moríkẹ́ lọ máa gbé ní Òde Mahin, èsì kan náà ló sì ń fún wọn: "Ọjọ́ tí ọkọ̀ bàbá yín bá fọhùn, ọjọ́ náà ni mo máa lọ. N kò ní jókòó sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn kúrò nílé ọkọ mi."

Bí Moríkẹ́, tó ń tún ẹ́ńjìnì kéékèèké ìdí ọkọ̀ ṣe ní Ìgbókòdá, ṣe gbé iṣẹ́ àgbà yìí lé ara rẹ̀ lórí nìyẹn. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ha ìpẹtà lára ẹ́ńjìnì tó ti wà kí wọ́n tó bí i. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí inú rẹ̀, ẹnu yà á. Bí ìpẹtà ṣe jẹ ìta tó, inú ń dán. Òróró tí bàbá rẹ̀ rọ sí i gbẹ̀yìn ṣì wà lára irin, ó mọ́, ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Moríkẹ́ rọra fi ìka kàn án. Ó ń bẹ̀rù àwọn tó rọ irú irin bẹ́ẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù irin náà fúnra rẹ̀.

Òní ni òkun máa kún jù lọ nínú oṣù. Ìkún ọ̀sán yìí nìkan ló lè gbé ọkọ̀ kúrò lórí iyanrìn. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọkọ̀ á yíjú sí ẹnu odò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìgbì á gbé e lu àwọn òpó ilé Happiness, á fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ á lọ, Ìyá ò sì ní kúrò.

Ohun tó ń da Moríkẹ́ láàmú ni pé ẹ́ńjìnì náà kò kọ̀ láti jí. Bí wọ́n bá fi irin tí wọ́n fi ń jí i yí i, á gbà, á dún dáadáa fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa rẹ̀ ẹ́, á sì kú. Ó ti fọ asẹ́ epo. Ó ti yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù títí epo fi ń jáde láìhó. Ó ti tú ẹnu tó ń fọ́n epo, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Kò síbi tí kò fọwọ́ kàn àfi inú táńkì, torí òun fúnra rẹ̀ ló rọ epo dísù kún un láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí epo ṣe lè tán. Síbẹ̀, nígbà tí kò rí ibòmíràn wò mọ́, ó ní kí òun wò ó.

Omi ti kan ìdí ọkọ̀. Pákó ké díẹ̀.

Ó di ìdérí táńkì mú, ó yí i. Ó kọ̀. Ó tún fi gbogbo agbára yí i. Lójijì ni táńkì mí kanlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ya wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìró gígùn, ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀ tó ti tẹ̀ wọnú sì ta padà síta, gbàmù! Moríkẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó rọra gbé ọwọ́ lé irin náà, bí ẹni tó ń gbé ọwọ́ lé àyà aláìsàn.

"Èémí ló ń wá," ó sọ jẹ́jẹ́. "Látàárọ̀, èémí ló ń wá."

Epo kò lè máa jáde nínú táńkì bí afẹ́fẹ́ kò bá rọ́nà wọlé rọ́pò rẹ̀. Torí ìyẹn ni páìpù tín-ín-rín kan ṣe ti orí táńkì yọ lọ sókè ọkọ̀. Ó tọ páìpù náà lọ, ó yọrí síta, ó wá ẹnu rẹ̀ títí. Ọ̀dà dúdú ló rí, ó tẹ́jú, ó ń dán, iṣẹ́ ọwọ́ àgbà.

"Bàbá, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Ihò ni." Ọlọ́rundáre fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ibẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Mo ti dí i pa. Omi ò lè gbabẹ̀ wọlé láéláé."

"Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì fi ń mí!"

"Ihò? Moríkẹ́, láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì rí ihò tó ṣe ọkọ̀ lóore."

Ẹ̀rín pa Moríkẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá wí? Ọmọ Ìlàjẹ tó bá rí ihò nínú ọkọ̀, kó tó pe ìyá rẹ̀ ló ti fọwọ́ dí i. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà náà, Ọlọ́rundáre sì ń fajú ro bí ẹni pé ara òun ni wọ́n ń ha.

Àwọn méjèèjì jọ di irin mú, wọ́n yí i. Ẹ́ńjìnì gbà. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó tún dún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì-kìkì, ohùn tó wúwo tó ń gba ẹsẹ̀ wọn gòkè dé eyín. Moríkẹ́ ń retí kó rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Ó ń dún, ó ń dún, omi sì ń wọ abẹ́ ọkọ̀ títí pákó fi gbéra nílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọlọ́rundáre ṣí fìlà lórí, ó sì dì í mú sí àyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ó ní. "Sáré lọ pe ìyá ẹ. N ó di okùn mú."

Moríkẹ́ la omi kọjá, ó ya wọ inú ilé. "Ìyá, ọkọ̀ ti fọhùn! Ẹrù yín dà?"

Kò sí ẹrù. Àwọ̀n ṣì wà lára ògiri, ìkòkò wà lórí ààrò, aṣọ wà lórí okùn. Ó ti pẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé òní ni, síbẹ̀ Ìyá kò tilẹ̀ ká ẹní. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Mo rò pé ó ti kú," Ìyá ní.

Ó wá yé Moríkẹ́. Gbogbo ìgbà tí òun ń ha ìpẹtà, tí Ìyá ń gbé oúnjẹ wá, tó ń kí òun kú iṣẹ́, tó ń ṣàdúrà fún òun, ikú ẹ́ńjìnì yẹn ni Ìyá gbójú lé. Òun ló sì lọ jí i.

Ìyá tẹ́tí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ohùn náà ń mi awo lórí pẹpẹ.

"Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ kó fa òun dìde. Ọwọ́ náà fúyẹ́. Moríkẹ́ dì í mú, kò sì lè wo ojú ìyá rẹ̀.