Ẹ̀jẹ̀ Bísí Dọ̀bálẹ̀ Kí Mi

Àdùkẹ́ àbúrò mi, jókòó kí n rọ́ àlá mi fún ọ kí n tó gbàgbé. Bísí ọmọ mi, tí àrùn ẹ̀jẹ̀ mú lọ, ni mo rí lórí ibùsùn ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú dígí kan tí kò ju èékánná lọ. Ó ní ọ̀nà tín-ín-rín bí irun wà nínú rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá lè gba ibẹ̀ kọjá, ọmọ mi yóò bá mi lọ sílé.

Mo bẹjú wò ó. Èèyàn ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n dé fìlà pupa, mo sì mọ orúkọ wọn.

Mo ní, "Rájí, ṣé dáadáa ni? Sùnmọ́nù, ilé ńkọ́?"

Ni Rájí bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Sùnmọ́nù náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀nà dí pátápátá.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wọn mọ́."

Mo ní, "Ẹ dìde, mo ti gbà á. Ẹ máa lọ."

Wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ẹnì kan. Bísí fúnra rẹ̀ ni, ó sì kúnlẹ̀.

Mo ní, "Bísí, má kí mi. Kọjá."

Ó ní, "Màámi, ṣé kí n wá kọjá lára yín láì kí yín ni?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ni mo bá jí.