Nọ́ńbà Tí Kò Tíì Parí

Tíṣà ìṣirò náà kì í wá nọ́ńbà lọ jìnnà. Ohun tó bá ti wà lọ́kàn rẹ̀ láàárọ̀ ló máa ń kọ sójú pátákó: ìwọ̀n bàtà rẹ̀, nọ́ńbà ilé rẹ̀, iye àtẹ̀gùn tó gùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a wá máa méfò ibi tó ti rí wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Àrùn ọkàn tó pa ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló pa òun náà. Àwọn èèyàn kí i kú ará fẹ́ra kù, ó ń dáhùn, kò sì sí ibì kankan tó ń dùn ún. Oúnjẹ kàn ń wọ ẹnu rẹ̀ ni. Dókítà ní kó wá yẹ ọkàn tirẹ̀ náà wò, ó lọ. Láti ọjọ́ Ajé ni èsì ti wà nínú báàgì rẹ̀, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Òní ti di Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ ò tíì ṣí i?" Tíṣà sáyẹ́ǹsì tí wọ́n jọ ń lo tábìlì ló bi í. "Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú o."

"Mà á ṣí i." Bí ẹni ń sọ pé òun á fọ abọ́ ló ṣe sọ ọ́.

Ó wọ kíláàsì, ó kọ méjìléláàádọ́ta, méjìdínlọ́gọ́ta àti mọ́kàndínláàádọ́ta.

"A lè ti ara àwọn tó kéré mọ èyí tó tóbi jù," ó ní. "Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ wá so wọ́n ní méjì-méjì, kí ẹ yọ èyí tó kéré nínú méjì kọ̀ọ̀kan kúrò nínú àròpọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dá èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn padà."

Mọ́kàndínlọ́gọ́jọ ni àròpọ̀. Wọ́n yọ méjìléláàádọ́ta lẹ́ẹ̀kan àti mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ́ẹ̀mejì, àádọ́jọ lápapọ̀, ó ku mẹ́sàn-án. Wọ́n dá mọ́kàndínláàádọ́ta padà.

"Méjìdínlọ́gọ́ta, mà." Ọmọbìnrin iwájú tí wọ́n ń pè ní Olófìn-íntótó ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ jẹ́ n méfò. Ọjọ́ orí ni, àbí?"

Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ tíṣà. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lò láyé, ọkùnrin lo méjìdínlọ́gọ́ta. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni tirẹ̀. Ó ti ka ara rẹ̀ mọ́ òkú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Ọjọ́ orí ni," ó ní. Ó mú dọ́sítà, ó nu mọ́kàndínláàádọ́ta kúrò.

"Kí la máa fi síbẹ̀, mà?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tíì parí."

"Ìṣirò náà ò ní jáde mọ́ nìyẹn."

"Kò ní jáde. Nọ́ńbà tí kò tíì parí, ta ló mọ̀ bóyá òun ló máa kéré jù, tàbí òun ló máa tóbi jù?"

Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń kọ ọ́. Tíṣà jókòó, ó yọ àpòòwé náà, ó sì fà á ya. Kó tó ka ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀rù ti ń bà á. Kò fẹ́ kú.