Irùngbọ̀n Mirk

Ọjọ́ tí a ń rẹ́ irun àgùntàn ni Lachlan àbúrò mi gé irùngbọ̀n Mirk, ajá wa, ó ní ooru ń mú un. Bàbá wa sì ti kìlọ̀ pé irùngbọ̀n yẹn ni àwọn àgùntàn fi ń dá a mọ̀.

Nígbà tí Mirk lọ kó wọn lórí òkè, àjèjì ni wọ́n pè é. Bó ṣe ń sún mọ́ wọn ni wọ́n ń fà sẹ́yìn, títí dé bèbè ọ̀gbun. Mo kígbe:

“Mirk, gbó!”

Ó gbó. Wọ́n dá ohùn rẹ̀ mọ̀, wọ́n dúró. Lachlan sáré dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, irun á tún hù.”

“Òpònú! Ṣé àgùntàn tó bá já sínú ọ̀gbun á tún hù?”